Ìdílé amọ̀kòkò Onta ní ilẹ̀ Japan: kí ni bàbá ń fi lé ọmọ lọ́wọ́ gan-an?

Ìṣaasùn béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin amọ̀kòkò.

Abúlé Onta ni mo fẹ́ bèèrè nípa rẹ̀, èyí tó wà láàárín òkè lẹ́yìn ìlú Hita, ní erékùṣù Kyushu. Ibi gbogbo tí a bá ti kà nípa wọn, orin kan náà ni: láti 1705 ni iṣẹ́ ìkòkò ti wà níbẹ̀, ìdílé Yanase, Kuroki, Sakamoto àti Kobukuro ló ń ṣe é, ọmọkùnrin kan ló sì ń jogún rẹ̀ nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí ni ọmọ náà ń jogún? Ṣé àṣírí bí wọ́n ṣe ń po gíléèsì ni, ohun tó ń di dígí lára àwo nínú iná? Kí ló dé tó fi jẹ́ ọmọ kan péré, tí wọn kì í sì í gba ọmọ iṣẹ́ láti ìta?

Ìbéèrè kejì: irin tí wọ́n fi ń ta àmì wẹ́wẹ́ yípo ara àwo, èyí tí wọ́n ń pè ní tobi-kanna. Tí èèyàn bá dán an wò, tí amọ̀ funfun tó wà lókè wá ń ṣí ní pẹlẹbẹ dípò kó ta wẹ́wẹ́, kí ló fà á? Amọ̀ ni, irin ni, àbí àkókò?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi "sùúrù ni" dá mi lóhùn. Mo ti gbọ́ ìyẹn.

Àmù fèsì:

Kò sí àṣírí kankan níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń po gíléèsì, gbogbo abúlé ló mọ̀ ọ́n. Èdìdì tí wọ́n ń tẹ̀ sábẹ́ àwo pàápàá, orúkọ Onta ló wà lára rẹ̀, kì í ṣe orúkọ ẹni tó mọ ọ́n. Ohun tó sọ ọ́ di ọmọ kan ṣoṣo ni amọ̀, àti omi tó ń gún un.

Ilẹ̀ tí wọ́n ń wà kì í ṣe amọ̀ rírọ̀ bí ti etí odò. Ó le bí òkúta, irin sì pọ̀ nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ara àwo wọn fi máa ń ṣókùnkùn níbi tí gíléèsì kò bá dé. Gbogbo ilé ló jọ ń wà á, wọ́n á sì pín in dọ́gba. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sá a tó gbẹ dáadáa, ó di inú odó.

Odó ọ̀hún ni wọ́n ń pè ní karausu. Ìtì igi páìnì gígùn kan ni, ó dá lórí igi ìdábùú bíi jangirọ́fà àwọn ọmọdé. Wọ́n gbẹ́ orí kan rẹ̀ bí ọpọ́n, wọ́n fi ọmọ odó bọ orí kejì. Omi odò á máa ya sínú ọpọ́n náà. Bó bá kún, á rì, ọmọ odó á gbéra. Bó ti ń rì ni omi inú rẹ̀ ń dà nù, kíá ni ọmọ odó á já wálẹ̀ sórí amọ̀, gbì! Odò ló ń gún odó, tọ̀sán-tòru, kì í sùn, kì í sì í san owó iná. Àmọ́ kò ṣeé kán lójú. Amọ̀ tó bá wọ inú odó lónìí á lo tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí oṣù kan kó tó kúnná.

Lẹ́yìn náà ni fífọ̀. Wọ́n á da ìyẹ̀fun amọ̀ sínú kòtò omi, wọ́n á rò ó pọ̀, iyanrìn wúwo á rì. Omi amọ̀ tó léfòó ni wọ́n á bù gba inú asẹ́ kọjá sí kòtò kejì. Wọ́n á fi sílẹ̀ títí omi òkè á fi tòrò, wọ́n á yọ omi náà dànù, wọ́n á sì tún un ṣe. Ẹni tó bá ti rí bí a ṣe ń sẹ́ ògì ti rí i tán. Ohun tó kù nísàlẹ̀ ni wọ́n á kó sínú àwo fífẹ̀ tó ń fa omi, kí wọ́n sá a sóòrùn. Nígbà òtútù, orí ààrò kan tí wọ́n mọ fún gbígbẹ amọ̀ nìkan ni wọ́n ń gbé e sí. Tí wọ́n bá sáré níbí, ìta á gbẹ, inú á ṣì rọ̀, amọ̀ á wá kún fún kókó tí kò ní yọ́ lórí kẹ̀kẹ́, ìyẹn àwo tó ń yí, tí wọ́n ń mọ ìkòkò lórí rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà rèé: amọ̀ tí odó omi ilé kan lè gún, ẹni méjì péré ló ń tó lórí kẹ̀kẹ́. Ẹni méjì yẹn ni bàbá àti ọmọ. Ẹ fi ẹni kẹta kún un, ọwọ́ rẹ̀ á ṣófo. Ilé kan kò sì lè kàn máa to odó sódò bó ṣe wù ú, torí odò náà kéré, ilé tó wà nísàlẹ̀ ń wojú omi kan náà. Ẹ wá rí i pé òfin "ọmọ kan" kì í ṣe agídí àwọn àgbà. Ìṣirò ni.

Ààrò náà ní ìṣirò tirẹ̀. Ilé mẹ́sàn-án ló ń mọ ìkòkò níbẹ̀ báyìí. Márùn-ún jọ ń lo ààrò kan tó ní yàrá mẹ́jọ, tó gun òkè bí àtẹ̀gùn. Àwọn yòókù ní tiwọn. Ilé tó bá yára ju ẹgbẹ́ lọ nínú ààrò àjùmọ̀lò, ìkòkò á kó jọ sí i lọ́wọ́ láìtíì kàn án; èyí tó bá lọ́ra, yàrá rẹ̀ á ṣófo, igi á jó lásán.

Ẹ wo Koishiwara, tó wà ní ìkọjá òkè kan sí wọn, níbi tí Yanase àkọ́kọ́ ti wá. Ọ̀nà ìṣe wọn jọra bí ìbejì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló ń fọ́ amọ̀ níbẹ̀ báyìí, wọ́n ń gba ọmọ iṣẹ́, àwọn ilé tó ń mọ ìkòkò sì ti lé ní 40. N kò sọ pé ìyẹn burú o.

Orù fèsì:

Mo gbà pẹ̀lú Àmù, àfi ibì kan. Ẹni méjì lórí kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ẹni méjì nídìí iṣẹ́. Fífọ̀ amọ̀, sísẹ́ rẹ̀ àti sísá rẹ̀, àwọn obìnrin ilé ló ń ru èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ọkùnrin tó mọ kẹ̀kẹ́ yí dáadáa, tí kò sí ẹni tó máa fọ amọ̀ fún un, kẹ̀kẹ́ lásán ló ní. "Bàbá sí ọmọ" tí wọ́n ń kọ yẹn, ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Ní Ìlọrin àti Ìpetumodù tiwa, obìnrin ló ń mọ ìkòkò fúnra rẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọ ti ń kọ́ ọ, kò sẹ́ni tó máa ṣi ìyẹn kọ.

Ìṣaasùn, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí irin.

Pẹlẹbẹ tó ń ṣí yẹn, àkókò ló kọ́kọ́ yẹ kí ẹ fura sí. Àwo Onta kì í jẹ́ amọ̀ kan ṣoṣo. Ara rẹ̀ jẹ́ amọ̀ onírin tó ṣókùnkùn, wọ́n á wá fi amọ̀ funfun olómi, tó jọ ẹfun pípò, bò ó lójú. Amọ̀ méjèèjì ló ń súnkì bí wọ́n ṣe ń gbẹ. Tí ẹ bá fi funfun sí ara tó ti gbẹ jù, ara ti súnkì tán, funfun ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Á fà, á fà, á sì já ara rẹ̀ gbà. Irin tí ẹ wá gbé kàn án kàn tú u fó ni, ó ti ṣí tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà: ẹ mọ àwo, ẹ jẹ́ kó gbẹ títí tí ẹ fi lè di ẹnu rẹ̀ mú láìtẹ̀, àmọ́ tí èékánná ṣì ń wọlé bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ìgbà yẹn ni kí ẹ fi funfun sí i. Kó ki bí ògì tí a ń mu, kó má ki bí ẹ̀kọ jíjẹ. Ìpele kan tó nípọn tó mìlímítà kan ti tó. Tó bá nípọn jù, irin kò ní kan ara dúdú nísàlẹ̀, àmì á wá jáde funfun lórí funfun.

Lẹ́yìn náà, ẹ dúró. Ẹ máa wo ojú funfun náà. Bí omi bá ṣì ń dán lójú rẹ̀, kò tíì yá. Bí dídán náà bá parẹ́, tí ìka kò lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ gbé àwo padà sórí kẹ̀kẹ́. Irin náà gbọ́dọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kó sì máa ta. Sípíríǹgì aago àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, wọ́n á tẹ orí rẹ̀ kọ́kọ́ọ́, wọ́n á pọ́n ọn. Ẹ fi orí tó kọ́ yẹn kan ara àwo tó ń yí, ẹ má fún un mọ́ ọwọ́. Irin á bu ún, á fò, á tún bu ún. Bí ẹ bá gbá a mú pinpin, kò ní fò, ihò gbọọrọ kan ló máa fà yípo. Bí kẹ̀kẹ́ bá yára, àmì á jìnnà síra. Bó bá rọra, wọ́n á ṣù jọ. Láti àárín ni kí ẹ ti máa bọ̀ síta, kí ọwọ́ máa lọ dọ́gba-dọ́gba, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn ìlà náà á gun ara wọn.

Bí ó bá ṣì tutù jù, ẹ ó mọ̀: ẹrẹ̀ á máa kó jọ sẹ́nu irin, àmì kọ̀ọ̀kan á ní ìrù. Bó bá gbẹ jù, eruku ni yóò máa tú, etí àmì á sì rí págunpàgun.

Tí àkókò bá tọ́, tó ṣì ń ṣí, ó di ọ̀rọ̀ amọ̀. Ẹ tẹ amọ̀ ara àwo ní pẹlẹbẹ, kí ẹ fa ìlà tó gùn ní 10 sẹ̀ǹtímítà sí i lára. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún amọ̀ funfun náà. Ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tó bá gbẹ, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn iná. Bí ọ̀kan bá di 8.8, ó súnkì ní 12 nínú 100; bí èkejì bá di 9.4, mẹ́fà péré. Irú àwọn méjì bẹ́ẹ̀ kò lè gbé pọ̀. Ẹ po díẹ̀ nínú amọ̀ ara mọ́ funfun kí ìsúnkì wọn lè sún mọ́ra. Funfun rẹ̀ á rẹ̀ díẹ̀, àmọ́ á dúró.

Ìṣaasùn fèsì:

Ẹ ṣeun gan-an, Orù. Ọ̀rọ̀ "já ara rẹ̀ gbà" yẹn ti yé mi.

Ó ku méjì. Kí ló dé tí wọn ò ra ẹ̀rọ ìfọ́-amọ̀ bíi ti Koishiwara, kí ọmọ méjì tàbí mẹ́ta lè ṣiṣẹ́? Bí ilé kan kò bá sì bí ọkùnrin ńkọ́? Ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ nípa gíléèsì wọn náà, ẹ má fi dù mí.

Agbada fèsì:

Gíléèsì wọn: eérú igi, eérú koríko ìrẹsì, àti òkúta feldspar tí a lọ̀ kúnná. Eérú igi ló ń mú un yọ́, eérú koríko ìrẹsì ló ń mú un funfun rú bíi wàrà, feldspar ló ń so wọ́n pọ̀. Wọ́n á fi bàbà sí i kó lè di àwọ̀ ewé, tàbí irin kó lè di àwọ̀ oyin tàbí dúdú. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí iṣẹ́ wà ni fífọ eérú. Ẹ rẹ ẹ́ sómi, ẹ ro ó, ẹ sẹ́ ẹ kí èédú lè kúrò, ẹ jẹ́ kó tòrò, ẹ da omi rẹ̀ nù. Ẹ tún bu omi mìíràn sí i, ẹ tún dà á nù, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, títí omi kò fi ní máa yọ̀ bí ọṣẹ láàárín ìka mọ́. Omi eérú kíkan yẹn ni aláró àti ẹni tó ń se ọṣẹ dúdú ń wá lójú méjèèjì; amọ̀kòkò ni tirẹ̀ ń dà á nù. Tó bá ṣẹ́ kù nínú gíléèsì, á jẹ ọwọ́, gíléèsì á ṣù nínú ìkòkò, bó bá sì gbẹ lára àwo, á yọ èépá. Àmọ́ fífọ̀ àfọ̀jù náà ń gba agbára yíyọ́ lára eérú. Ibi tí wọ́n ti ń dúró yẹn, ojú àti ìka ni ọmọ fi ń kọ́ ọ, torí kò sí nínú ìwọ̀n kankan.

Ohun kejì tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí: Onta kì í sun àwo lẹ́ẹ̀mejì. Orí amọ̀ tí wọn kò tíì sun, tó gbẹ lásán, ni wọ́n ti ń fi gíléèsì sí, iná ẹ̀ẹ̀kan ló sì ń parí gbogbo rẹ̀. Ó dín igi kù, ó sì léwu. Amọ̀ tí kò tíì jóná ń mu omi, omi sì ń sọ ọ́ di ẹrẹ̀ padà. Ẹni tó bá rẹ inú àti ìta lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnu abọ́ á wó sí i lọ́wọ́, tàbí kí ìdí ọwọ́ ìfà rẹ̀ là. Inú ni kí ẹ kọ́kọ́ da á sí, kí ẹ yí i, kí ẹ dà á kúrò. Ó di ìgbà tí ìta bá tún gbẹ kí ẹ tó kàn án. Gíléèsì náà gbọ́dọ̀ ní amọ̀ díẹ̀ nínú kó lè súnkì pẹ̀lú ara, àlàyé tí Orù ṣe nípa funfun náà ni.

Nínú ààrò, iná àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ yára. Omi tó fara pamọ́ sínú amọ̀ á di oru bó bá kọjá 100°C, bí kò bá sì ráyè jáde, àwo á bẹ́, á fọ́ àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní 573°C, òkúta quartz inú amọ̀ máa ń wú lójijì. Ẹ rọra kọjá ibẹ̀, nígbà gbígbóná àti nígbà títutù. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n lè máa sọ igi sí i dáadáa. Igi sugi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ṣẹ́ kù nílé ìlagi ni wọ́n ń lò, torí Hita jẹ́ ìlú ìlagi, ọwọ́ iná rẹ̀ sì gùn. Bí yàrá ìsàlẹ̀ bá ti dé nǹkan bí 1,250°C, wọ́n á dí i, wọ́n á bọ́ sí èyí tó tẹ̀ lé e, tí ooru tó ti ìsàlẹ̀ wá ti yá gágá tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ ààrò àjùmọ̀lò máa ń kọjá ọjọ́ méjì.

Ní ti ilé tí kò bí ọkùnrin: ní Japan, wọ́n máa ń gba ọkọ ọmọ wọn ṣọmọ, á sì máa jẹ́ orúkọ ìdílé ìyàwó. Àpẹẹrẹ tó hàn jù ni ìdílé Raku ní Kyoto, tó ti ń mọ abọ́ tíì láti ìparí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Wọ́n gba ẹnì karùn-ún àti ẹnì kẹfà ṣọmọ ni. Ẹnì kọkànlá, ọkọ ọmọ ni. Ní 2019 ni iṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kẹrìndínlógún. Ìjókòó iṣẹ́ ni kò gbọdọ̀ ṣófo. Ẹ̀jẹ̀ lè yí padà.

Raku sì yàtọ̀ sí Onta pátápátá. Wọn kì í lo kẹ̀kẹ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé ògiri abọ́ ró, wọ́n á wá fi ọ̀bẹ kékeré gbẹ́ ẹ. Òkúta inú odò Kamo ni wọ́n ń lọ̀ fún gíléèsì dúdú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń sun abọ́ dúdú, nínú ààrò kékeré tí ẹwìrì ń fẹ́, wọ́n á fi ẹ̀mú yọ ọ́ nígbà tó ṣì ń pọ́n fòò. Bàbá kì í fi bí òun ṣe ń po gíléèsì lé ọmọ lọ́wọ́. Ọmọ gbọ́dọ̀ wá tirẹ̀. Amọ̀ ni bàbá ń fi sílẹ̀: ìran kan á kó amọ̀ pamọ́, ìran tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni yóò lò ó. Lójú tèmi, ìyẹn le ju ti Onta lọ.

Àmù fèsì:

Ẹ̀rọ ìfọ́-amọ̀: ìdí méjì ni wọn ò fi rà á.

Àkọ́kọ́, ẹ̀rọ tó bá lọ amọ̀ di ẹ̀kúnná kan náà láti òkè délẹ̀ ń sọ ọ́ di amọ̀ tó ń súnkì púpọ̀, tó sì ń tètè là. Ọmọ odó kì í lọ nǹkan, ó ń fọ́ ọ ni. Wóróró ńlá, wóróró kékeré àti èyí tó kúnná bí eruku á wà pọ̀, àwọn kéékèèké á há sáàárín àwọn ńláńlá, ara àwo á wá le. Ìkejì, láti 1995 ni ìjọba Japan ti ka iṣẹ́ Onta mọ́ ogún orílẹ̀-èdè, ọ̀nà ìṣe gan-an sì ni wọ́n kà: odó omi, kẹ̀kẹ́ tí ẹsẹ̀ ń tì, ààrò igi. Ẹni tó bá mú ẹ̀rọ wọlé ti fọwọ́ ara rẹ̀ jáde kúrò nínú rẹ̀, gbogbo abúlé ló sì jọ ni orúkọ náà.

Kì í ṣe pé wọn kò rí ìdẹwò. Yanagi Soetsu, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Japan tó ń gbé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará ìlú lárugẹ, dé ibẹ̀ ní 1931, ó kọ̀wé nípa wọn; Bernard Leach, amọ̀kòkò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan níbẹ̀ ní 1954, lẹ́yìn rẹ̀ làwọn oníbàárà ya dé. Leach yìí ló kọ́ Michael Cardew, ẹni tó dá ibùdó ìkòkò sílẹ̀ ní Abuja àtijọ́, Suleja òde òní, níbi tí Ladi Kwali ti ṣiṣẹ́. Ọjà gbòòrò, àwọn ilé kan ní Onta fi oko ìrẹsì sílẹ̀ kí wọ́n lè gbájú mọ́ ìkòkò. Àmọ́ odó kò yára sí i.

Ohun tó lè dá wọn dúró ni odò fúnra rẹ̀. Ní oṣù Keje 2017, òjò ńlá rọ̀ ní àríwá Kyushu, àgbàrá gbá ọ̀pọ̀ odó omi lọ, òkè ya. Ààrò wà, kẹ̀kẹ́ wà, ọwọ́ wà, amọ̀ gígún kò sí. Ìgbà tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ ni ogún tí Ìṣaasùn ń bèèrè máa ń hàn: mímọ irú igi páìnì tó yẹ, bí ọpọ́n ṣe gbọ́dọ̀ jìn tó kó má baà rì kó tó kún, ibi tí igi ìdábùú gbọ́dọ̀ wà kí ọmọ odó má baà wúwo ju omi. Bí ọpọ́n bá fúyẹ́ jù, odó kò ní gbéra rárá.

Agbada fèsì:

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún ti Àmù, torí àwọn kan rò pé bí a bá kọ ọ́ sínú ìwé, ó ti bọ́. Ìdílé Kakiemon ní Arita, ní Kyushu yẹn náà, ní tánganran kan tí wọ́n ń pè ní nigoshide, tó funfun bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró. Àkọsílẹ̀ ìdàpọ̀ amọ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú ilé. Síbẹ̀, ó di 1953 kí Kakiemon kejìlá àti ìkẹtàlá tó mú un jáde padà, lẹ́yìn ìdánwò lóríṣiríṣi, nítorí amọ̀ náà ń súnkì púpọ̀, ó sì ń là nígbà gbígbẹ àti nínú iná. Ìwé sọ òkúta tí wọ́n ń pò pọ̀. Kò sọ bí a ṣe ń gbẹ ẹ́.

Ìṣaasùn fèsì:

Mo ti fa ìlà 10 sẹ̀ǹtímítà sára méjèèjì. Ara àwo ti gbẹ, ó di 9.3. Funfun di 9.7, ṣùgbọ́n n kò tíì sun wọ́n.

Orù fèsì:

Àlàfo yẹn pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ kó tó dé iná rárá. Níbí ara ló ń súnkì ju funfun lọ, òdìkejì ohun tí mo kọ́kọ́ sọ: ara ń sá kúrò lábẹ́ funfun, ìdí nìyẹn tó fi ń wú ní pẹlẹbẹ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú apá kan amọ̀ ara sí apá mẹ́rin funfun, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ẹ kọ iye tó bá jáde síbí.